Ọkọ̀ Tí Kò Ní Dísíríbútọ̀

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì bàbá mi àgbà, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni mo ti mọ ìtumọ̀ òwe yìí.

Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Volkswagen ní Èkó àti Peugeot ní Kàdúná. Ara irú ọkọ̀ wọ̀nyí ni Bàbá ti kọ́ṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì wọn ní dísíríbútọ̀, irú ètò tí Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní nǹkan bí 1910. Kóìlì a sọ iná bátìrì 12 fóòtì di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì. Dísíríbútọ̀ a máa yí, a sì máa pín in fún púlọ́ọ̀gì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Peugeot 504 ni 1, 3, 4, 2. Bí omi òjò bá wọ inú rẹ̀, ọkọ̀ kò ní jí. Bàbá a fi àkísà nù ún, wọn a fi sáńpépà ha kọ́ńtáàtì, ọkọ̀ a sì jí.

Láàárín 1980 sí 2000, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lágbàáyé yọ dísíríbútọ̀ kúrò. Nígbà tó yá, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa bíi tòkunbọ̀. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ èrò kan gbé tirẹ̀ wá, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n jìgìjìgì. Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn kò rí dísíríbútọ̀. Mẹkáníìkì mìíràn ti ní kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Awakọ̀ náà kò ní irú owó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ yìí ló sì fi ń bọ́ ọmọ.

Bàbá kò tijú. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọ iṣẹ́ wọn àtijọ́, tó ti di ọ̀gá riwáyà.

Ó ní, “Ọ̀gá, sẹ́ńsọ̀ ló ń wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ. Kóìlì méjì ló wà níbí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tan púlọ́ọ̀gì méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan níbi tí epo ti fún pọ̀, èkejì níbi tí èéfín ti ń jáde. Ti ibi èéfín kàn ń tàn lásán ni.”

Bàbá tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Epo rin 1 àti 4 gbindin. 2 àti 3 gbẹ.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìgbà tí 1 bá ń fún epo pọ̀, 4 ló ń tú èéfín. Kóìlì kan náà ló ń tan àwọn méjèèjì. Òun ló kú.”

Wọ́n pààrọ̀ kóìlì náà, ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Dísíríbútọ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n 1, 3, 4, 2 kò lọ. Ohun tí àgbà mọ̀ àti ohun tí ọmọ kọ́ ni wọ́n jọ tún ọkọ̀ náà ṣe.