Ọ̀nà tí Onígbáméjì Kò Lè Dí

Ní ọdún 1971, ogun lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn kúrò ní Ìlà-Oòrùn Pakistan, ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Bangladesh lónìí, wọ ilẹ̀ Íńdíà. Ní Bongaon, nítòsí ẹnu ibodè, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ogunléndé náà. Yàrá méjì péré ni ilé ìwòsàn ibẹ̀ ní fún wọn. Àwọn tí kò rí ibùsùn ń sùn sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú èébì àti ìgbẹ́. Nígbà tí omi tí à ń fà sínú iṣan fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí a po iyọ̀, glúkóòsì àti sódà tí a fi ń ṣe àkàrà òyìnbó mọ́ omi, kí a rọ ọ́ sínú àgbá, kí àwọn ẹbí sì máa bù ú fún aláìsàn wọn mu. Tẹ́lẹ̀ rí, nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń kú. Láàrin àwọn tí a fún ní omi yìí, kò pé 4.

Ẹni tí kò mọ ìtàn tó ṣáájú lè pe èyí ní oríire. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Awọ tín-ín-rín kan yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ká, bí ògiri ṣe ń yí agbo ilé ká. Sẹ́ẹ̀lì a máa sọ oúnjẹ di agbára, a sì kó o pamọ́ sínú èròjà tí a ń pè ní ATP. Ìpín ńlá nínú agbára yìí ni ó ń ná sórí iṣẹ́ tí ojú kò rí: títi sódíọ̀mù, tí í ṣe ara iyọ̀, síta. Jens Skou, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ni ó ṣàwárí ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ náà ní 1957. Bí ó bá ti sódíọ̀mù mẹ́ta jáde, yóò gba pòtásíọ̀mù méjì wọlé. Sódíọ̀mù tí a lé síta wá ń wá ọ̀nà àtipadà wọlé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, níbi ìpàdé kan ní Prague, Robert Crane ṣàlàyé pé ẹnu ọ̀nà kan wà lára sẹ́ẹ̀lì ìfun tí sódíọ̀mù àti glúkóòsì jọ ń gbà wọlé. Ìtara sódíọ̀mù ni ó ń fa glúkóòsì lọ́wọ́. Omi a sì tẹ̀ lé wọn.

Oró onígbáméjì ń ṣí ọ̀nà mìíràn, èyí tí kílóráìdì ń gbà jáde, tí omi ń bá a lọ títí ara yóò fi gbẹ. Ṣùgbọ́n kò lè dí ẹnu ọ̀nà tí Crane sọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Omi lásán yóò ṣàn kọjá lára aláìsàn; omi tí iyọ̀ àti ṣúgà wà nínú rẹ̀, ara yóò gbà á. David Nalin àti Richard Cash fi èyí hàn ní Dhaka ní 1968. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣègùn kò tètè gbà á. Abẹ́rẹ́ nìkan ni ìtọ́jú lójú wọn, wọ́n sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí ìyá lè pò nínú ìkòkò.

Àjàkálẹ̀ onígbáméjì tó bẹ̀rẹ̀ ní Indonesia ní 1961 dé Guinea ní oṣù kẹjọ ọdún 1970, ó sì wọ Nàìjíríà kí ọdún yẹn tó parí. Ìletò tí kò ní dókítà pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera, láti 1985 sí 1992, a kọ́ àwọn ìyá bí wọn yóò ṣe po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Ìgò ọtí bíà kan, tàbí ìgò mínírà méjì, ni òṣùwọ̀n omi. Ìgò kò nira. Ṣíbí ni ó le, nítorí ṣíbí ilé kan kò bá ti èkejì dọ́gba, iyọ̀ tó bá sì pọ̀ jù yóò pa ọmọ lára. Ní 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé dín iyọ̀ àti ṣúgà inú èyí tí à ń dì sínú àpò kékeré kù, tí iye sódíọ̀mù àti ti glúkóòsì fi bá ara wọn dọ́gba. Àpò kan, lítà omi kan ni.