Ilẹ̀kùn tí Compaq Ṣí ní Houston

Tí ẹ bá bi àwa Yorùbá Houston ní ohun tí ìlú yìí fi lókìkí, epo rọ̀bì la ó kọ́kọ́ dárúkọ, ọsibítù á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà NASA. Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ House of Pies, ilé oúnjẹ kan. Níbẹ̀ sì ni Rod Canion àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ya kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ ṣe sórí bébà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àwo oúnjẹ. Ọdún 1982 ni Canion, Jim Harris àti Bill Murto, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Texas Instruments, dá ilé-iṣẹ́ Compaq sílẹ̀. Ẹ̀rọ wọn àkọ́kọ́, tó fara wé ti IBM, wọ̀n tó kílò 13, wọ́n sì láyà láti pè é ní kọ̀ǹpútà àgbékiri.

Èmi tí mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Alief, ní Houston níbí, BIOS wọn ló jọ mí lójú. Kóòdù yẹn ló máa ń kọ́kọ́ jí tí a bá tan ẹ̀rọ. IBM ló ni ojúlówó rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde sínú ìwé, kí gbogbo ayé lè kà á, àmọ́ ẹni tó bá kà á tán tó wá kọ irú rẹ̀, ẹjọ́ ló fà lẹ́sẹ̀. Kí ni Compaq wá ṣe? Wọ́n ní kí àwọn kan ka ti IBM, kí wọ́n kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kan bó ṣe ń ṣe é. Wọ́n gbé àkọsílẹ̀ náà fún àwọn mìíràn tí ojú wọn kò kan kóòdù IBM rí, àwọn yẹn sì jókòó kọ tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀. IBM kò rí ibi dì wọ́n mú.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1986, Compaq gbé Deskpro 386, kọ̀ǹpútà tó ń lo ṣíìpù 386, jáde kí IBM tó ní tirẹ̀. Ní 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki, Linus Torvalds, ra ẹ̀rọ 386 aláfarawé IBM, orí rẹ̀ ló sì ti kọ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Mi ò sọ pé Houston ló bí Linux o. Finland ló bí i. Àmọ́ ká ní IBM nìkan ló ṣì di kọ́kọ́rọ́ mú ni, ẹ̀rọ wo ni akẹ́kọ̀ọ́ ì bá rí rà?

Slackware àti Debian, tí wọ́n gbé ka orí Linux, dé ní 1993. Láyé ọjọ́un, dísíìkì pẹlẹbẹ rẹpẹtẹ ni èèyàn máa ń kì bọ ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́, ó di àtúnṣe. Ẹni tó bá há ní Houston a gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ bá HAL-PC, ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982 bíi Compaq gan-an. Ẹgbẹ́ náà kò sí mọ́. Ubuntu, Linux mìíràn, dé ní 2004, wọ́n sì ń fi CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ dé Nàìjíríà títí di 2011. Ní 2013, United Space Alliance, tó ń bá NASA ṣiṣẹ́ níbí nígbà náà, yọ Windows kúrò lórí àwọn láptọ́ọ̀pù kan ní ibùdó òfurufú ISS, wọ́n fi Debian sí i.

Láti oṣù Kẹwàá 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ni àwọn nọ́ọ̀sì wa ti ń kó láptọ́ọ̀pù wá bá mi. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé:

“Ọmọ mi, ṣé ó ti kú ni?”

“Kò kú, Mọ̀mí. Windows tuntun ló kọ̀ ọ́.”

Láptọ́ọ̀pù HP ni. Mo ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, mo tan án, mo tẹ Esc, mo tẹ F9, mo yan fíláàṣì náà. Linux Mint yọ láìtíì fọwọ́ kan dísíìkì. A dán Wi-Fi wò, a dán ohùn àti kámẹ́rà wò. Ó dìgbà tí mo kó fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ wọn pamọ́ tán kí n tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ bọ́tìnnì tó ń pa gbogbo nǹkan rẹ́. Lẹ́yìn náà, a sọ lẹ́tà di ńlá, a sì lọ síbi kíbọọ̀dù: Yorùbá wà níbẹ̀ lábẹ́ Nàìjíríà, pẹ̀lú Haúsá àti Ìgbò. Wọ́n tẹ orúkọ Ọláṣubọ̀mí, ó pé.

“Èló ni Linux yìí?”

“Ọ̀fẹ́ ni, Mọ̀mí. Owó iṣẹ́ mi nìkan lẹ máa san.”

“Ohun ọ̀fẹ́ lo gbé sí i, lo wá ń gba ọgọ́ta dọ́là?”

Ogójì la parí ẹ̀ sí.