Àyọkà Alátìlẹ́yìn Lórí Ẹ̀rọ: Ìtàn Rẹ̀ àti Ohun tí Ó Ń Bèèrè Lọ́wọ́ Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kùnà nínú àkàyé, ohun tí ó sábà máa ń wá sí wa lẹ́nu ni pé kò kàwé. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ó ni gbogbo ẹ̀bi. Àyọkà mìíràn wà tí kò ran òǹkàwé lọ́wọ́ rárá. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ìtàn irú àyọkà kan tí ìrànlọ́wọ́ wà nínú òun fúnra rẹ̀, èyí tí a óò máa pè ní àyọkà alátìlẹ́yìn. Orí kọ̀ǹpútà ni ó ti gbilẹ̀ jù lónìí: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tí ó ta kókó, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò yọ, bí ó bá fẹ́, ẹ̀rọ yóò ka gbólóhùn náà sí i létí. Èrò wa ni pé àmì ohùn ni àtìlẹ́yìn àkọ́kọ́ fún àyọkà Yorùbá; bí kò bá sí, ìyókù kò lè dúró.

Àtìlẹ́yìn kí ẹ̀rọ tó dé

Ẹ̀rọ kọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé Látìn àtijọ́, àwọn ọ̀rọ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn láìsí àlàfo. Àwọn akọ̀wé ẹ̀sìn ní ilẹ̀ Ireland, tí Látìn jẹ́ èdè àjèjì fún, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀ ní nǹkan bí 1,300 ọdún sẹ́yìn. Àwọn mìíràn a sì máa kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ líle sí etí ìwé.

Ní ti Yorùbá, àkójọ ọ̀rọ̀ tí Àjàyí Crowther ṣe jáde ní 1843. Nínú èyí tí ó tẹ̀ jáde ní 1852, ó fi àmì sábẹ́ àwọn lẹ́tà kan, ó sì fi àmì ohùn sórí fáwẹ̀lì. Ní 1875, ìjọ C.M.S. pe ìpàdé ní Èkó lórí bí a óò ti máa kọ èdè náà sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tún tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ ní 1965, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Ìrànlọ́wọ́ fún òǹkàwé ni gbogbo akitiyan wọ̀nyí. Wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Bí ẹ̀rọ ṣe gba iṣẹ́ náà

Ní 1965, Ted Nelson ní Amẹ́ríkà sọ ọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ tí a lè gbà láti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn ní hypertext. Ní 1976, Ray Kurzweil gbé ẹ̀rọ tí ń ka ìwé sókè fún àwọn afọ́jú jáde. Ní 1984, a dá CAST sílẹ̀ ní Massachusetts láti fi kọ̀ǹpútà ran àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ nira fún lọ́wọ́. Ní Yunifásítì Oregon, Lynne Anderson-Inman àti Mark Horney ṣe ìwádìí lórí bí ọmọ ilé ìwé ti ń ka irú àyọkà bẹ́ẹ̀. Ní 2007, wọ́n pín àtìlẹ́yìn inú àyọkà sí ọ̀nà 11. Lára wọn ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, àlàyé, àwòrán, àkékúrú àti ààyè tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ èrò tirẹ̀ sí.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú iṣẹ́ wọn tí kò yẹ kí a fojú fò. Ọ̀nà tí àwọn ọmọ gbà lò ó kò dọ́gba: àwọn kan kàn ń sáré wo ojú ewé, àwọn kan ń fara balẹ̀ kọ́ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ nìkan kò lè kọ́ni. Ní 1984 kan náà, Annemarie Palincsar àti Ann Brown ti fi hàn pé àkàyé àwọn ọmọ ń sunwọ̀n sí i bí olùkọ́ bá kọ́ wọn láti bèèrè ìbéèrè, láti ké ọ̀rọ̀ kúrú, láti tú ohun tí ó rú wọn lójú, àti láti sọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń bọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan Yorùbá

Ìlànà ASCII ti 1963, tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ní ààyè 128 péré. Kò sí ibi tí ẹ tàbí ọ yóò dúró sí níbẹ̀, áńbọ̀sì àmì ohùn. Unicode tí ó jáde ní 1991 ni ó la ọ̀nà. Lónìí ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n láti kọ ẹ́ tàbí ọ̀, lẹ́tà àti àmì ni a ń so pọ̀. Nítorí wàhálà yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ Yorùbá láìfi àmì kankan sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn yìí: “Akande gbe igba fun baba re.” Ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e ni: “Irú iṣẹ́ wo ni ẹ lérò pé bàbá náà ń ṣe?” Bí ó bá jẹ́ igbà, okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ, a mọ̀ pé akọ̀pẹ ni. Bí ó bá jẹ́ igbá, ó lè jẹ́ omi ni ó fẹ́ fi mu. Bàbá ta sì ni: rẹ ni tàbí rẹ̀? Bí ọmọ bá fọwọ́ kan “igba”, ìwé atúmọ̀ orí ẹ̀rọ yóò kó igba, igbá, igbà, ìgbà àti ìgbá lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí yóò kà á sókè pàápàá yóò kàn máa fojú díwọ̀n ni. Àtìlẹ́yìn ti di ìdíwọ́.

Ìgúnlẹ̀

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi àmì ohùn sí àyọkà délẹ̀délẹ̀ kí ó tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Kí ó túmọ̀ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ àyọkà rọ̀ mọ́, kí ó má túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Kí ó fi fóònù gba ohùn ẹni tí ó gbọ́ èdè náà dáradára sílẹ̀. Bí ìdánwò bá ti ń súnmọ́, kí ó máa yọ ìtumọ̀ àti ohùn kíkà kúrò díẹ̀díẹ̀, nítorí ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Ṣùgbọ́n kí a má yọ àmì ohùn. Ara ọ̀rọ̀ ni àmì ohùn. Kì í ṣe ìdáhùn ni a fi ń tan ọmọ lọ́wọ́. Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn olùdánwò ni pé, kí a tó gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé ó ṣi àyọkà kà, kí a wo ìwé tí a fún un bóyá ó ṣe é kà ní àkàyé.