Àjọ tó Tú mọ́ Houston Lórí: Ìdí tí Yunifásitì fi ń Pààrọ̀ Ẹgbẹ́ Ìdíje

Ní Alímọ̀ṣọ́ níbi, ọ̀rọ̀ kíkúrò nínú ẹgbẹ́ kan bọ́ sínú òmíràn kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Ní ọdún 1967, Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá, Ìgándò àti gbogbo ẹkùn Ìkẹjà kúrò lábẹ́ Ìbàdàn, wọ́n bọ́ sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó tuntun. Ilẹ̀ kò sún kúrò níbi tó wà. Àwọn tí a jọ ń pín owó ìlú ló yí padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni eré ìdárayá àwọn yunifásitì Amẹ́ríkà rí. Wọn a máa para pọ̀ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ láti bá ara wọn figagbága. Àjọ ni èmi yóò máa pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ń dá owó jọ, wọ́n sì ń pín in.

Ọmọ Èkó kan ló mú ìtàn náà sún mọ́ wa. Hakeem Olajuwon, tí a bí ní 1963, kúrò ní Muslim Teachers College, ó sì gúnlẹ̀ sí Yunifásitì Houston ní 1980. Ní 1982, 1983 àti 1984, Houston wà lára mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n gbogbo Amẹ́ríkà. Àjọ rẹ̀ ni Southwest Conference, tí a dá sílẹ̀ ní 1914.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1984, ẹgbẹ́ Houston Rockets mú Olajuwon ṣáájú gbogbo ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi eré náà ṣiṣẹ́ ṣe. Ní oṣù yẹn kan náà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé NCAA, tó ń ṣàkóso eré àwọn yunifásitì, kò lè dá nìkan di ẹ̀tọ́ tẹlifíṣọ̀n mú mọ́ lórí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé sáré. Lójú tèmi, ẹjọ́ yìí lágbára lórí ọjọ́ ọ̀la Houston ju gbogbo bọ́ọ̀lù tí Olajuwon jù sáwọ̀n lọ. Láti ìgbà náà, àwọn yunifásitì àti àjọ wọn ń bá tẹlifíṣọ̀n ná ọjà fúnra wọn, iye ilé tí yóò wòran ni tẹlifíṣọ̀n sì ń rà, kì í ṣe ife ẹ̀yẹ.

Ibẹ̀ ni Southwest Conference ti kọsẹ̀. Arkansas àti Texas nìkan ni ìpínlẹ̀ tó nà dé. NCAA ti fìyà jẹ Southern Methodist ní 1987 nítorí owó abẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń san fún agbábọ́ọ̀lù. Ní 1990, Yunifásitì Arkansas kéde pé òun ń lọ sí Southeastern Conference. Ní 1994, Texas, Texas A&M, Texas Tech àti Baylor gbà láti dara pọ̀ mọ́ àjọ ẹlẹ́ni mẹ́jọ ti àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, èyí tó wá di Big 12. Àjọ àtijọ́ tú ká ní 1996. Houston kò fi í sílẹ̀; àjọ ló yọ́ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọdún 27 kọjá kí Houston tó wọ Big 12 ní 2023. Texas sì ti ń di ẹrù. Ó bọ́ sí Southeastern Conference ní 2024.

Nígbà Olajuwon, Rice, tó wà ní ìlú Houston kan náà, jẹ́ ọmọ àjọ wọn. Lónìí, West Virginia wà ní ìhà kan, Arizona wà ní ìhà kejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa gbé ìwé wọn lọ kà ní pápákọ̀ òfuurufú.