Ohun Tí A Ń Béèrè Kí Ènìyàn Tó Gba Oyè Másítà Nínú Ẹ̀kọ́ Ìdájọ́ Ọ̀daràn ní Amẹ́ríkà

Àwọn ọmọ ìjọ wa tí ń gbé ní Amẹ́ríkà, pàápàá àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, a máa bi wá nípa ẹ̀kọ́ yìí. Iṣẹ́ ọlọ́pàá, ilé ẹjọ́ àti ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó dá lé. Kì í sọ ènìyàn di agbẹjọ́rò.

Oyè yunifásítì àkọ́kọ́ ni a fi ń wọlé. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, kírẹ́díìtì 30 sí 36 ni a ó parí. Níwọ̀n bí ẹ̀kọ́ kan ti sábà ń jẹ́ kírẹ́díìtì 3, iye rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ 10 sí 12. Lára èyí tí ó pọn dandan ni ẹ̀kọ́ nípa ohun tí ń mú ènìyàn dá ọ̀ràn, ọgbọ́n ìwádìí, àti ìṣirò. Máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kò sábà gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 3.0 nínú 4.0 lọ.

Lẹ́yìn èyí ni àṣekágbá. Ilé ẹ̀kọ́ kan lè béèrè ìdánwò àpapọ̀, òmíràn iṣẹ́ àkànṣe, òmíràn ìwé ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbèjà níwájú ìgbìmọ̀ olùkọ́.

Níhìn-ín ni kí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti ṣọ́ra. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lórí àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí ń dáàbò bo àwọn tí a ń ṣe ìwádìí lé lórí. Láti 1978 ni ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti fi ààbò kún ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n, nítorí pé kò rọrùn fún ẹni tí ó wà ní àhámọ́ láti sọ pé òun kò fẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹlẹ́wọ̀n bá bá wa sọ ní àkókò àdúrà kì í ṣe ohun tí a lè kó sínú ìwé oyè. Ẹni tí ó bá dà á pọ̀ lè pàdánù oyè náà, yóò sì ba ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n ní nínú ìjọ jẹ́.

Kí a tó san owó, ẹ jẹ́ kí a wádìí bóyá àjọ tí Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà mọ̀ ni ó fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Kí a sì rántí Lúùkù 14:28, níbi tí Olúwa ti kọ́ wa láti ṣírò ìnáwó kí a tó dáwọ́ lé iṣẹ́.

Kí Olúwa kí ó fi àṣeyọrí dé ìsapá yín ládé. Àmín.