Ẹyẹ Agbo Ilé Niamey àti Ọ̀dá Ọdún 1968

Kò sí ẹni tí í kan tábìlì oúnjẹ fún ẹyẹ nínú àwọn agbo ilé Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r. Odó ni tábìlì wọn. Nígbà tí àwọn obìnrin bá ń gún jéró, ọkà wẹ́wẹ́ tí í ṣe oúnjẹ àwọn ará Zarma, Songhai, Hausa àti Fúlàní ilẹ̀ náà, hóró a máa ta sílẹ̀, èépo a máa fẹ́ kúrò nínú atẹ, àwọn ẹyẹ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Ológoṣẹ́ a wá, àdàbà a wá, ẹ̀gà a wá pẹ̀lú ariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí kò bẹ̀rù ènìyàn rárá ni ẹyẹ bíńtín kan tí akọ rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, tí abo rẹ̀ sì rí bí erùpẹ̀ ilẹ̀. Lagonosticta senegala ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Inú ihò ògiri àti inú òrùlé koríko ni ó ń kọ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí, ó sì máa ń ṣa hóró ní ìdí odó bí ẹni pé ọmọ ilé ni.

Ẹyẹ pupa yìí ní ẹlẹ́tàn kan tí ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ẹyẹ dúdú kan ni, tí ń dán bí aṣọ aró, kì í sì í tọ́ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú ìtẹ́ ẹyẹ pupa ni abo rẹ̀ ń yé ẹyin sí. Ẹyẹ pupa a sì tọ́ ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ti ara rẹ̀ láìmọ̀. Ní 1964 ni Jürgen Nicolai, onímọ̀ ará Jámánì, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ pé akọ ọmọ tí a bá tọ́ báyìí a máa kọ́ orin ẹni tí ó tọ́ ọ. Nígbà tí ó bá dàgbà, orin alágbàtọ́ rẹ̀ ni yóò máa fi fẹ́ ìyàwó. Olùkọ́ tí ó bá ń wá ohun tí yóò fi hàn àwọn ọmọ ilé-ìwé pé ẹ̀kọ́ ilé kì í kúrò lára ọmọ bọ̀rọ̀ kò ní láti rìn jìnnà ju ìdí odó lọ.

Àwọn ará Niamey kì í sábà lé àwọn ẹyẹ wọ̀nyí kúrò nínú agbo ilé. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wọn sì ni pé ohun tí ẹyẹ bá jẹ lára ohun tí ènìyàn gbìn, sàráà ni fún ẹni tí ó gbìn ín. Omi tí ń kán lábẹ́ àmù náà a sì máa di tiwọn ní oṣù kẹrin, nígbà tí ooru ìlú náà kò ṣeé fẹnu sọ. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Niamey láti ìgbà pípẹ́ mọ púpọ̀ nínú wọn láti ilé: lékeléke tí àwọn ọmọdé ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀, àwòdì tí ń gbé òròmọdìẹ, igún, àti kannakánná tí kò ní ìtìjú.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wò wọ́n yóò rí i pé onílé wà nínú wọn, àlejò sì wà. Ẹyẹ ìdí odó, onílé ni. Ṣùgbọ́n nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹyẹ ńlá funfun kan tí ó jọ àkọ̀, tí ẹsẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ pupa, a máa wá láti ilẹ̀ Yúróòpù láti jẹ tata ní pápá. Bákan náà ni àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ kan máa ń wá, tí àwọ̀ wọn kò fani mọ́ra, tí wọn kì í sì í wá sí ìdí odó nítorí pé kòkòrò àti èso igi ni oúnjẹ wọn. Àwọn wọ̀nyí ni ojú ènìyàn sábà máa ń fò dá, àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ sì dá lé lórí.

Àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ kò mọ ibi tí ẹyẹ wọn ń lọ nígbà òtútù. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan nínú wọn gbà pé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ni alápàńdẹ̀dẹ̀ ń sùn sí títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ní 1822, ní ẹ̀bá Klütz ní ìhà àríwá Jámánì, wọ́n pa ọ̀kan nínú ẹyẹ ńlá ẹlẹ́sẹ̀ pupa tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, wọ́n sì bá ọ̀kọ̀ gígùn kan tí ó gún ọrùn rẹ̀ já. Iṣẹ́ ọwọ́ ará Áfríkà ni ọ̀kọ̀ náà. Ọdẹ kan ti ta ẹyẹ yìí ní Áfríkà, kò kú, ó sì gbé ọ̀kọ̀ lọ́rùn padà sí ilé. Òkú rẹ̀ ṣì wà ní Yunifásítì Rostock títí di òní. Kò sí ìwé tí ó kọ orúkọ ọdẹ náà, bẹ́ẹ̀ òun ni ó fi àmì sí ẹyẹ kan tí iyèméjì àwọn ọ̀mọ̀wé fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká.

Olùkọ́ ilé-ìwé ni ó sọ ọgbọ́n ọdẹ yìí di iṣẹ́ ìmọ̀. Ní 1899, Hans Christian Cornelius Mortensen, tí ń kọ́ni ní ìlú Viborg ní Dẹ́nmárkì, fi òrùka aluminium sí ẹsẹ̀ ẹyẹ 165, ó kọ nọ́ńbà àti àdírẹ́sì sí ara wọn, ó sì jù wọ́n sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àṣà yìí fi tàn ká Yúróòpù. Láti ìgbà náà ni òkú ẹyẹ tí darandaran bá rí lẹ́bàá kànga kan ní Áfríkà ti lè di lẹ́tà tí yóò dé ọ́fíìsì kan ní Yúróòpù.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ gbà. Òtútù ọdún 1890 sí 1891 le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìwé ìròyìn fi rọ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n da èérún oúnjẹ síta fún ẹyẹ, àṣà náà kò sì kú mọ́. Ẹni tí ó bá ń fún ẹyẹ ní oúnjẹ lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Bí ọ̀kan bá sọnù, yóò mọ̀. Láti inú irú àwọn ènìyàn báyìí ni ẹgbẹ́ British Trust for Ornithology ti rí àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fún ìkaye ẹyẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ìdí tí wọ́n fi dá ìkaye náà sílẹ̀ ni pé oògùn apakòkòrò tí àwọn àgbẹ̀ ń lò ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn tí ó fẹ́ràn ẹyẹ. Ní ìgbà ìrúwé ọdọọdún, wọn a rin oko kan náà, wọn a sì sàmì sí ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan bá ti ń kọrin.

Nínú àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń kà ni ọ̀kan wà tí a lè pè ní Ọlọ́fun-funfun, nítorí pé funfun ọ̀fun rẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Kò wúwo ju bíi giramu 15 lọ. Inú igbó ẹ̀gbẹ́ oko ni ó ń gbé, ó sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó kà á kún ohun ìyanu. Ní ìgbà ìrúwé 1969, àwọn olùkaye jáde bí ìṣe wọn, igbó sì dákẹ́. Nínú Ọlọ́fun-funfun 100 tí wọn ìbá rí ní 1968, bíi 23 péré ni ó kù.

Ó rọrùn láti dá oògùn oko lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ tí kì í kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń jẹ nínú oko kan náà, kò dín kù bẹ́ẹ̀. Alápàńdẹ̀dẹ̀ etí odò dín kù ní tirẹ̀, òun àti Ọlọ́fun-funfun sì jọ ń lo ìgbà òtútù ní ibì kan náà ni: Sahel, ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó tẹ́ lọ ní etí gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà láti Sẹ̀nẹ̀gàl kọjá Málì àti Nìjẹ̀r. Ní 1974 ni Derek Winstanley, Robert Spencer àti Kenneth Williamson kọ àbájáde ìwádìí wọn jáde. Winstanley kì í ṣe onímọ̀ ẹyẹ. Onímọ̀ ojú ọjọ́ ni. Òjò Sahel ni ó ń wò. Òjò ọdún 1968 ti kùnà níbẹ̀. Kòkòrò kò tó, èso kò tó, nígbà tí àkókò ìpadàbọ̀ sì dé, ẹyẹ kò rí ọ̀rá tí yóò fi la Sàhárà já.

Ọ̀dá tí ó pa Ọlọ́fun-funfun yìí ni ó tún pa màlúù, tí ó sì sọ darandaran di alágbe. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, kò sì dáwọ́ dúró títí di 1973 àti 1974. Àwọn Fúlàní àti Tuareg tí ẹran wọn ti kú tán rọ́ wá sí àwọn ìlú. Ní etí Niamey, wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn sí àgọ́ Lazaret. Ọdún 1973 kan náà ni ọkọ̀ ẹrù wó igi Ténéré, igi kan ṣoṣo tí ó dá dúró ní àárín aṣálẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Niamey, tí wọ́n ṣí ní 1959 lábẹ́ ìtọ́jú Boubou Hama, ni wọ́n gbé kùkùté rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1974, Seyni Kountché àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Diori Hamani. Ìyàn náà, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà pín oúnjẹ ìrànwọ́, wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀.

Yorùbá a máa wí pé ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ní 1969 ẹyẹ sọ ọ́ fún ènìyàn, ènìyàn kò gbọ́ èdè náà. Ìdákẹ́jẹ́ ti wà nínú igbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún bí ọdún mẹ́rin kí ariwo ìyàn Sahel tó gba ayé kan. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni nílò ẹyẹ láti mọ̀ pé òjò kò rọ̀: darandaran tí ń wo kànga tí ń gbẹ ti mọ̀, àgbẹ̀ tí jéró rẹ̀ kò yọmọ ti mọ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn kò ka ohun tí darandaran bá wí sí ẹ̀rí. Nígbà tí ó yá, àwọn ìjọba Sahel dá ẹgbẹ́ CILSS sílẹ̀ ní Ouagadougou ní oṣù kẹsàn-án 1973, wọ́n sì gbé AGRHYMET, ilé iṣẹ́ tí ń wo òjò, odò àti ohun ọ̀gbìn, sí Niamey ní 1974.

Ó yẹ kí a sọ pé kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ni ará Nìjẹ̀r lè ṣe sàráà fún. Ẹyẹ kan wà tí àwọn Hausa ń pè ní jan baki, èyí ni ẹlẹ́nu pupa. Kò tóbi ju ológoṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n àìmọye rẹ̀ ni í fò pọ̀ bí èéfín, tí wọn bá sì bà sí oko jéró, ìkórè olóko di ọ̀rọ̀ ìtàn. Àwọn ọmọdé a máa fi kànnàkànnà ṣọ́ oko láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, èyí sì ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé lọ́wọ́ wọn. Ní 1965 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé dá OCLALAV sílẹ̀ ní Dakar láti bá eéṣú àti ẹyẹ wọ̀nyí jà. Ọkọ̀ òfúrufú a máa fọ́n májèlé sí ibi tí wọ́n ń sùn. Obìnrin tí ó bá fi inú dídùn wo ẹyẹ pupa ní ìdí odó lè ní ọmọ tí ń sọ òkò sí ẹlẹ́nu pupa ní oko lọ́jọ́ kan náà, kò sì sí àgàbàgebè níbẹ̀.

Ọ̀dá padà wá. Ní 1984 alápàńdẹ̀dẹ̀ etí odò tún dín kù gidigidi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹfà 1985, Odò Ọya, tí gbogbo ayé fi ń mọ Niamey, dáwọ́ ṣíṣàn dúró ní ìlú náà. Lẹ́yìn èyí ni àkọsílẹ̀ ẹyẹ Nìjẹ̀r fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn. Ní 1988, Giraudoux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àkọsílẹ̀ gbogbo ẹyẹ tí a mọ̀ ní Nìjẹ̀r jáde nínú Malimbus, ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí ó ṣẹ̀ láti inú ẹgbẹ́ olùwòye ẹyẹ tí a dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1964. Jean-Marc Thiollay tún padà gba àwọn ọ̀nà tí ó ti ka ẹyẹ apẹran lórí wọn ní Bùrkínà Fasò, Málì àti Nìjẹ̀r ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú. Ní 2006 ó kọ ọ́ pé àwọn igún ńlá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní ìta àwọn igbó ọba. Àwọn tí ń ta orí igún fún oògùn ní ọjà ilẹ̀ Nàìjíríà kò lè sọ pé ọwọ́ àwọn mọ́ pátápátá nínú rẹ̀.

Ní ti Ọlọ́fun-funfun, ó ti pọ̀ díẹ̀ sí i láti àárín àwọn ọdún 1980, ṣùgbọ́n kò tíì dé iye tí ó jẹ́ ní 1968. Igi kan wà ní Sahel, Salvadora persica, tí àwọn Mùsùlùmí ń fi ẹ̀ka rẹ̀ rin ẹnu. Èso rẹ̀ kéékèèké wà lára ohun tí Ọlọ́fun-funfun fi ń sanra kí ó tó la Sàhárà já ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Bí òjò ọdún tí ó kọjá bá ti tó, igi náà a so dáadáa, ẹyẹ a jẹun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò sì gbéra ní alẹ́ ọjọ́ kan láìsí ẹni tí ó rí i.