Owó Ìwé Kòtẹ́milọ́rùn: Láti Ẹjọ́ Ilẹ̀ Àpápá dé Ifákọ̀

Nígbà tí àwọn baba wa ṣì ń dá ẹjọ́ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ baálé àti ní ojúde ọba, kò sí ẹni tí í sanwó kí ó tó lè mọ ohun tí ẹlẹ́rìí wí, nítorí pé gbogbo àwọn tí ó péjọ, ìbáà ṣe àgbà ilé, ìbáà ṣe ìyàwó ilé, ìbáà ṣe àlejò tí ó yà wá wòran, ni ó gbọ́ ọ pa pọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú wọn títí di ọjọ́ alẹ́. Ẹni tí ìdájọ́ olórí ẹbí kò bá tẹ́ lọ́rùn a gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí iwájú baálé, láti ibẹ̀ a gbé e dé ààfin. Ohun tí ó sì ń rù lọ kò ju ẹnu ara rẹ̀ àti ẹnu àwọn tí ó jókòó nígbà àkọ́kọ́ lọ. N kò wí pé ọ̀fẹ́ ni ẹjọ́ ìgbà náà: obì ń bẹ níbẹ̀, ọtí ń bẹ, ìtanràn ń bẹ, ọlọ́rọ̀ a sì máa rí ojú àgbà kan tàbí méjì rà. Ṣùgbọ́n ìrántí ẹjọ́ kì í ṣe ọjà títà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí àgbà má baà di òṣìkà ni wọ́n ṣe ń dá ẹjọ́ ní gbangba, níbi tí etí pọ̀ sí.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀sà, fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó Akéte, àrómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, di ti Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni kóòtù àgbà ti ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1876, òfin titun kan pàṣẹ pé kí a máa fi òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ó ti wà ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 1874, dá ẹjọ́ níhìn-ín. Òfin náà kò dá wá. Òun pẹ̀lú ìwé ni wọ́n jọ wá. Ifákọ̀ tí mo dárúkọ nínú àkọlé, èyí tí ó wà ní Kòsọ́fẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ Gbàgádà àti Ọ̀wọ̀rọ̀ǹṣókí, tí kì í ṣe ti Ìjàyè, wà ní òdìkejì ọ̀sà sí kóòtù Tinúbú nígbà náà. Nígbà tí wọ́n ya Èkó sọ́tọ̀ fún ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1954, abẹ́ Ìkẹjà ní ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni ẹkùn Ifákọ̀ wà, kò sì padà sábẹ́ orúkọ Èkó títí di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ààlà ń yí, ìjọba ń yí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà ń fi ẹjọ́ pa mọ́ kò yí.

Ọ̀nà náà ni pé adájọ́ fúnra rẹ̀ ni akọ̀wé. Bí ẹlẹ́rìí ti ń sọ̀rọ̀ ni adájọ́ ń fi gègé kọ ọ́, tí lọ́yà sì ń kìlọ̀ fún ẹlẹ́rìí pé kí ó máa wo gègé olúwa rẹ̀, kí ó má ṣe sáré ju gègé náà lọ. Bí ẹlẹ́rìí bá fi Yorùbá sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ yóò yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ògbufọ̀ bá sì wí ni adájọ́ ń kọ. Ohun tí ó bá bọ́ láàrin ẹnu, etí àti gègé, ó bọ́ nìyẹn. Kóòtù tí ó ga jù kò ní í rí i láéláé, nítorí pé ìwé nìkan ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Nítorí náà ni ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ láti inú ìwé ọwọ́ adájọ́ ṣe di ẹ̀mí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, nítorí náà náà sì ni ó ṣe di ohun tí a ń rà.

Ẹjọ́ tí ó fi èyí hàn wá jù lọ ni ti Olóyè Àmọ́dù Tìjánì, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun. Ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá ní ọdún 1913. Olúwa béèrè owó ilẹ̀ náà, àwọn kóòtù Èkó sì wí pé kò ní ilẹ̀ bí onílẹ̀ ti í ní i, pé ìṣákọ́lẹ̀ lásán ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni ìgbìmọ̀ tí ó lè yí ìdájọ́ náà padà ń jókòó sí, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé gbogbo àkọsílẹ̀ ẹjọ́ di ìwé títẹ̀, láti orí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ títí dé ìdájọ́, kí ó sì fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́. Kí ó háyà lọ́yà níhìn-ín, kí ó háyà lọ́yà lọ́hùn-ún. Ní ọdún 1920, Olúwa fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀, Herbert Macaulay sì bá a lọ ṣe ògbufọ̀ àti akọ̀wé, pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Eléko Èṣùgbàyí, ọba Èkó, lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1921 ni Viscount Haldane ka ìdájọ́ pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwùjọ, pé kí ìjọba san owó rẹ̀ bí owó ilẹ̀ tí a ní ní tòótọ́. Ìdájọ́ náà ṣì ń fẹsẹ̀ rìn nínú àwọn kóòtù Áfíríkà títí di òní. Mo ń yọ̀ sí i bí gbogbo ọmọ Èkó ti ń yọ̀. Síbẹ̀, Olúwa ní ilẹ̀, ó ní ènìyàn, ó ní Macaulay. Àgbẹ̀ tí wọ́n gba oko kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún kan náà, tí òun pẹ̀lú rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, kò sí ìgbà tí ẹjọ́ rẹ̀ fẹ́ dé ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yìí gan-an dé iwájú kóòtù gíga jù lọ ní ọdún 1956. Judson Griffin àti ẹnì kejì rẹ̀, tí wọ́n dá lẹ́bi olè jíjà pẹ̀lú ohun ìjà ní ìpínlẹ̀ Illinois, wí pé àwọn kò lówó ìwé ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ ni láìsí i àwọn kò lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn bí ó ti yẹ. Ẹni tí wọ́n bá dájọ́ ikú fún nìkan ni ìpínlẹ̀ náà ń fún ní ọ̀fẹ́. Adájọ́ Hugo Black, nínú ọ̀rọ̀ tí ó kọ, kọ̀ ọ́ pé kí owó ọwọ́ ènìyàn máa pinnu irú ẹjọ́ tí wọn yóò dá fún un. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di dandan fún ìpínlẹ̀ láti wá ọ̀nà tí tálákà tí a dá lẹ́bi yóò fi rí àkọsílẹ̀ tí ó tó fún kòtẹ́milọ́rùn.

Tiwa ńkọ́? Òfin tiwa kò burú. Ìwé òfin ọdún 1999, ní abala 36, wí pé kóòtù gbọ́dọ̀ pa àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ọ̀daràn mọ́, àti pé ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà ìdájọ́ láàrin ọjọ́ méje. Abala 294 fún gbogbo ẹlẹ́jọ́ ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ nìkan nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí tí ó bí ìdájọ́ kò sí nínú ọjọ́ méje náà, òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 sì wí pé ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀dà tí a lu òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ san owó tí a là kalẹ̀. Ìlànà Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn fún rẹ́jísítírà ní 60 ọjọ́ láti di àkọsílẹ̀ jọ. Bí kò bá ṣe é, ẹni tí ó pe ẹjọ́ ni kí ó di í jọ fúnra rẹ̀ láàrin 30 ọjọ́. Mo bẹ ẹni tí ń kàwé yìí pé kí ó tún gbólóhùn náà kà. Àìṣe iṣẹ́ ìjọba di gbèsè lọ́rùn aráàlú: òun ni yóò wá atẹ̀wé, òun ni yóò san owó ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, òun ni yóò ṣe ẹ̀dà fún adájọ́ àti fún ọ̀tá rẹ̀. Ìyá aláta Máìlì 12 tí ń gbé Ifákọ̀, tí ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀wọ̀n, tí ó rò pé ẹlẹ́rìí purọ́, kí ni yóò kọ́kọ́ san, owó bọ́ọ̀sì tàbí owó ìwé? Ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ òfin tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, àti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò aráàlú ti ìjọba Èkó, ń gba irú wọn lọ́wọ́ ìyà, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò dé ẹnu ọ̀nà wọn pọ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2020, nínú rúkèrúdò tí ó tẹ̀lé ìyìnbọn sí àwọn olùwọ́de ní Lẹ́kí, iná jó Kóòtù Gíga ti Ìgbósẹ̀rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, fáìlì àìmọye sì jóná pẹ̀lú rẹ̀. Láti tún irú fáìlì bẹ́ẹ̀ tò, ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́jọ́ àti lọ́yà wọn ni a ní láti wá. Ẹni tí ó ti sanwó ìwé kí iná tó dé ní ohun tí yóò gbé jáde. Ẹni tí kò rí owó san, ìrètí rẹ̀ kò ju pé kí ẹni tí ó bá a ṣẹjọ́ gbà láti fi tirẹ̀ hàn.